Ohun Tí Mo Mọ̀ Nípa Àyà Ẹ̀gbọ́n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n, kóòṣì wa pè mí lórí fóònù nígbà tí mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ ti fẹnu kò: Sátidé tí a máa bẹ̀rẹ̀ eré bésíbọ́ọ̀lù ọdún yìí, a máa fi ọjọ́ náà ṣe ìrántí ẹ̀gbọ́n. A máa fi jẹ́sì wọn kọ́ sára wáyà pápá, gbogbo wa máa rán nọ́ńbà wọn mọ́ apá aṣọ wa, ìyàwó wọn á sì jókòó níwájú.

"Ìwọ lo máa ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́," kóòṣì wí. "Kó o sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù nínú gbogbo wa."

Mo ní kò burú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè gbé ṣíbí mọ́. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo jókòó síbẹ̀. Mo mọ ohun kan nípa ikú ẹ̀gbọ́n tí ìyàwó wọn kò mọ̀, tí kóòṣì kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀. Mo sì ti pinnu pé wọn ò ní mọ̀ ọ́n láéláé.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, ní Stone Mountain, ọdún tí mo dé sí Atlanta láti wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò ní mọ́tò nígbà yẹn, ẹni tí kò bá sì ní mọ́tò níbí dà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Sunday kẹta tí wọ́n rí mi tí mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá, wọ́n dúró, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ọmọ ìyá, wọlé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa níbí." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi dé láti ilé, àwọn àti ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Aunty, ló lọ gbé e ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ni wọ́n ń wà. Ní Sátidé, wọ́n ń gbá bésíbọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ní pápá kan tí kò jìnnà sí Clarkston. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ, wọ́n ṣàlàyé eré náà fún mi nínú mọ́tò. Ẹnì kan máa dúró sórí òkìtì láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan máa dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi, á fẹ́ gbá a. Ẹlòmíràn máa lóṣòó sẹ́yìn onígi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ ńlá, kó lè hán bọ́ọ̀lù tí igi bá tàsé. "Èyí tó kù," ni wọ́n wí, "o máa kọ́ ọ bí a bá ṣe ń pariwo lé ẹ lórí."

Ẹ̀gbọ́n ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jù ú. Nígbàkigbà tí onígi bá gbá afẹ́fẹ́, wọ́n á pariwo, "Ó tàsé!" Gbogbo ẹgbẹ́ ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn: ará Mẹ́síkò, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbí, kóòṣì tó jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé, àti ọkùnrin ará Etiópíà tó sanra, tó ń lóṣòó hán bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Ohùn wọn ò bá ara mu, kálukú pè é bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n tí o bá wà ní títì ìta, o máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ogún ọkùnrin tí kò gbọ́ Yorùbá kankan.

Ọjọ́ Thursday kan, ní àsìkò tí àtíkè òdòdó tí wọ́n ń pè ní pollen máa ń bo gbogbo Atlanta, tí mọ́tò dúdú á di yẹ́lò mọ́jú, a parí ìdánrawò nígbà tí oòrùn ò tíì wọ̀. Mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi sórí bẹ́ǹṣì, mo sì padà lọ mú un. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, gbogbo èèyàn ti lọ, àfi mọ́tò ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jókòó síwájú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kan wà níta. Òógùn bo ojú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di àyà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Pollen ni. Ọdọọdún ló ń dí mi láyà."

"Pollen kọ́ nìyí, sà. Ẹ jẹ́ kí n wò yín."

Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo wo aago. Bí ọkàn wọn ṣe ń lù kò dọ́gba rárá. Á sáré, á dúró, á tún sáré bí ẹni tó ń lé nǹkan. Mo bi wọ́n bóyá ìrora náà lọ sí apá. Wọ́n ní ó lọ díẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n yí ojú sí pápá.

"Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sí emergency nílé ìwòsàn báyìí."

"Emergency kẹ̀? Gbọ́ mi. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àyà ń dùn mí, wọ́n máa gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ó ku ọdún méjì péré kí n fẹ̀yìn tì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí nìyí o."

"Mo máa lọ rí dókítà ní Monday. Mo ṣèlérí fún ẹ. Ṣùgbọ́n má sọ fún Aunty ẹ. O mọ bí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe kú lọ́dún tó kọjá, ọkàn náà ni. Tó bá gbọ́ èyí, kò ní sùn mọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́?"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn kò jẹ́ kó lọ. Ojú wọn ń bẹ̀ mí. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ wọ́n, èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ká ní aláìsàn tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó síbẹ̀, mi ò bá ti pe ọkọ̀ pàjáwìrì kó tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni, mo sì jẹ́ kí ojú tì mí láti ta ko wọ́n. A jókòó síbẹ̀ títí ara wọn fi balẹ̀. Mo tẹ̀ lé mọ́tò wọn lẹ́yìn títí wọ́n fi dé ilé, mo rí i tí Aunty ṣílẹ̀kùn fún wọn tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì yí mọ́tò mi padà.

Ní Monday, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù wọn: "Ẹ lọ, sà?" Wọ́n fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ padà. Mi ò béèrè ohun tí dókítà sọ. Mi ò béèrè bóyá wọ́n rí dókítà gan-an. Mo di àtàǹpàkò yẹn mú bí ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀, tí mo bá ń lọ sí iṣẹ́, tí bọ́ọ̀sì yẹ́lò bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo rí orí àwọn ọmọ kéékèèké lójú fèrèsé, mo máa ń na ọrùn wo awakọ̀ rẹ̀. Mo máa ń ronú pé ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń wà á. Ká ní àyà náà mú wọn lórí títì ńkọ́? Mo máa ń gbàdúrà fún bọ́ọ̀sì, dípò kí n gbé fóònù pe ẹnikẹ́ni.

Sátidé kejì lẹ́yìn Monday yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn láti de bàtà eré fún ìdánrawò. Nígbà tí Aunty jáde láti fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n gbàgbé, wọ́n ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Okùn bàtà kan péré ni wọ́n tíì dè. Kí ọkọ̀ pàjáwìrì tó dé, ó ti parí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú mi, kò sì jáde. Nígbà ìsìnkú, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó yá jù, pé kò sí àmì kankan, mo wo ilẹ̀. Aunty ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá pé, "Kò ṣàìsàn. Orí lásán kò fọ́ ọ." Nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ ọ́, mo máa ń wá ibi gbà jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti rí wa níbi tí a gbé mọ́tò sí. Bóyá kámẹ́rà wà lórí òpó. Bóyá wọ́n á yẹ fóònù ẹ̀gbọ́n wò, wọ́n á rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́: "Ẹ lọ, sà?" Wọ́n á béèrè: lọ síbo? Wọ́n á sọ pé nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀, ó dákẹ́. Mo rò ó pé wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì mi. Mo rí ara mi nínú ọkàn mi tí mò ń kó ẹrù padà sí ilé.

Àyà tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ń wa mọ́tò lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà Covington, ó fún mi pinpin, mo sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo fi ọwọ́ di ìdarí mọ́tò mú, mò ń retí pé mo máa kú. Mi ò kú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, ó wo ìwé tó jáde, ó ní, "Ọkàn ẹ dára ju tèmi lọ. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?" Mo rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpè kóòṣì ni Aunty bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mi ò gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́: "Àbúrò mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Wá sílé tí àyè bá yọ. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ẹ́."

Ìyàwó mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Kí ló dé tí o kì í gbé ìpè Aunty? Ṣé ẹ jà ni?"

"A ò jà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò dáa kí wọ́n máa pè ẹ́ kí o máa sá."

Mo lọ ní ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n gbé ìrẹsì àti dòdò síwájú mi. Mo kàn ń fi ṣíbí rò ó. Wọ́n jókòó sí ọ̀kánkán mi, wọ́n sì yọ ìwé kan láti inú báàgì. Inú mọ́tò ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ti rí i, nínú àpótí kékeré iwájú. Ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn ni. Wọ́n ti yan ọjọ́ fún ẹ̀gbọ́n láti wá ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti fi bírò fa ìlà lé ọjọ́ náà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Tuesday tó tẹ̀ lé Sátidé àkọ́kọ́ eré wa.

Nítorí náà wọ́n lọ. Ní Monday yẹn, wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ná.

"Ó mọ̀," ni Aunty wí. Ohùn wọn rọlẹ̀. "Ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, kò sì sọ fún mi. Mo ti bi pásítọ̀, ó ní òun ò gbọ́. Mo bi kóòṣì, ó ní rárá. Ìwọ ló kù. Ṣé ó sọ nǹkankan fún ẹ?"

Mo ti mọ̀ pé ìbéèrè náà ń bọ̀. Mo ti ṣe ìdánrawò ìdáhùn rẹ̀ nínú mọ́tò. Síbẹ̀, nígbà tó dé, ó dà bíi pé wọ́n gbé mi sókè láti ilẹ̀.

"Rárá, mà. Wọn ò sọ nǹkankan fún mi."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n dá a padà sínú báàgì. "Mo rò bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ká ní ìwọ lo mọ̀, o ò bá ti sọ fún mi. Jẹun, ó ti ń tutù."

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Oòrùn mú gan-an. Àwọn ìyàwó àti ọmọ wá, àwọn òbí àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ń gbé lọ sí iléèwé wá pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà sì ya bọ́ọ̀sì yẹ́lò sórí páálí, wọ́n kọ "A dúpẹ́" sí i lédè òyìnbó. Jẹ́sì ẹ̀gbọ́n wà lára wáyà, nọ́ńbà kọkànlá, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ bíi pé àyà ènìyàn ló ń mí nínú rẹ̀. Mi ò lè wò ó. Nọ́ńbà kan náà wà ní apá mi. Ìyàwó mi ló rán an mọ́ ọn.

Kóòṣì ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló pè mí sórí òkìtì, ibi tí ẹ̀gbọ́n máa ń dúró. Ará Etiópíà lóṣòó síbi tó máa ń lóṣòó sí, ó na ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sí mi. Mo rí i pé omi ń jáde lójú rẹ̀. Mo ju bọ́ọ̀lù. Kò dé ìdajì ọ̀nà, ó ṣubú, ó ń yí lórí koríko lọ sápá ibi tí kò yẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ pariwo pọ̀: "Ó tàsé!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Èmi nìkan ni ara mi tutù.

Kóòṣì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, ṣùgbọ́n mo ká a sápò. Mo bá sọ ohun tó wá sẹ́nu mi. Mo sọ bí wọ́n ṣe rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ mi. Mo wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún mi."

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo iwájú, mo sì rí Aunty. Àwọn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wò mí, ojú wọn kò kúrò lára mi títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe eré náà. Mo mọ̀ pé a pàdánù. Nígbà tó parí, mo fẹ́ sá lọ sínú mọ́tò, ṣùgbọ́n Aunty ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn. A jókòó sínú, èmi níwájú ìdarí, àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú mọ́tò gbóná bí ààrò.

"O ní kò sí ohun tó fi pamọ́ fún ẹ," ni wọ́n wí.

Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Mò ń bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò ní bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta."

Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti Thursday, mo sọ ti òógùn, ti ọwọ́ tó wà láyà, ti bí ọkàn ṣe ń lù. Mo sọ pé mo ní ká lọ sí emergency, wọ́n sì kọ̀. Mo sọ pé wọ́n bẹ̀ mí. Nígbà tí mo parí, Aunty béèrè pé, "Ọjọ́ mélòó ni, láti ọjọ́ náà sí ọjọ́ tó kú?"

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, mà."

Wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò kan orí ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọkọ mi. Mo rán an níṣẹ́ kó gbé àpò ìrẹsì wọlé. Mo bínú sí i pé kò gé koríko. Mo ní ọ̀lẹ ni. Nọ́ọ̀sì wà nínú ẹbí, ó mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ forí jì mí."

"Má fọwọ́ kàn mí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò ti ilẹ̀kùn. Mo rí wọn tí wọ́n ń rìn lọ láàárín àwọn mọ́tò, tí àwọn èèyàn ń dì mọ́ wọn, tí wọ́n ń mi orí fún gbogbo wọn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà. Ó sunkún, ó ní, "O jẹ́ kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, o sì mọ̀?" Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ohùn láti ọ̀dọ̀ Aunty. Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ṣí àpótí lẹ́tà, mo máa kọ́kọ́ dúró, mo máa mí sínú. Mo ń retí lẹ́tà ìjọba. Tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bá ní kí n wá rí òun, mo máa rò pé ó ti tán kó tó sọ pé ọ̀rọ̀ shift iṣẹ́ lásán ni. Mo ronú pé kí n lọ fẹjọ́ ara mi sùn, kí ìdúró yìí lè parí. Mi ò ní ìgboyà ìyẹn náà.

Ní Tuesday kan, wọ́n pè. Mo gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Mi ò pè ẹ́ láti sọ pé mo ti dárí jì ẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ yẹn, mélòó nínú wọn ló ti lé ní àádọ́ta?"

"Ó pọ̀, mà. Ó tó ìdajì."

"Mò ń bọ̀ ní ìdánrawò ọjọ́ Thursday. O máa dìde níwájú wọn, o máa sọ ohun tí o sọ fún mi nínú mọ́tò. Gbogbo rẹ̀. Tí o bá fo ọ̀kan, mo máa dá ẹ dúró."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Kóòṣì kó gbogbo ènìyàn jọ. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ lédè òyìnbó, bó ṣe rí gan-an, bí mo ṣe di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú, bí mo ṣe mọ̀, bí mo ṣe dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ti bá ẹ̀gbọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́wàá, bọ́ fìlà rẹ̀, ó nà án mọ́lẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀. Títí di òní kì í kí mi. Kóòṣì wo ilẹ̀. Ó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sáré yí pápá ká, èyí tí mo mọ̀ pé ó sọ nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè sọ.

Ará Etiópíà kò sáré. Ó dúró títí tí gbogbo wọn fi lọ, ó sì fa apá aṣọ mi. A lọ sẹ́yìn ògiri. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bíi ti ẹni tó jalè.

"Ìrora tó o sọ yẹn, tó ń lọ sí apá. Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Mo wo ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti bí oṣù kan. Má sọ fún ìyàwó mi."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju gbogbo èyí tó ti bà mí látẹ̀yìnwá. Ojú kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi tó le bí ohùn ẹlòmíràn.

"Mo máa sọ fún un. Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Mo ní má ṣe—"

"Bínú sí mi. Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo máa sọ fún un."

Ó bínú lóòótọ́. Ó pè mí ní orúkọ kan tí mi ò ní kọ síbí. Aunty ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n rìn wá, obìnrin kúkúrú tó wọ aṣọ dúdú, wọ́n di ọkùnrin ńlá náà lápá mú, wọ́n sì mú un lọ sínú mọ́tò mi bí ẹni ń mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Àwọn jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Mo wa mọ́tò. Mò ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí, ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo iná títì tó bá pọ́n.

Wọ́n gbà á sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Iṣan méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi, Aunty àti ìyàwó rẹ̀ la jókòó síta títí dókítà fi jáde wá sọ pé iṣẹ́ ti parí, pé ọkùnrin náà ń béèrè omi. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń fi èdè tirẹ̀ sọ nǹkan tí mi ò gbọ́. Mo wo Aunty láti orí èjìká rẹ̀. Wọ́n ti kọjú sí fèrèsé. Èjìká wọn ń mì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí pé èmi náà ń rò ó: pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó fún gbogbo èyí.

Wọn kò tíì sọ pé wọ́n dárí jì mí. Mi ò béèrè mọ́. Ará Etiópíà ń wá sí pápá, kò tíì lè lóṣòó, ó kàn ń jókòó, ó ń pariwo lé wa lórí. Àwọn méje nínú wa ló ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Kóòṣì gan-an ń lo oògùn báyìí. Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun máa rò ó. Mi ò mọ ohun tó máa rò. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan mo ṣì máa ń jí pẹ̀lú àyà tó ń lù kìkì.

Ní Sátidé tó kọjá, Aunty jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ará Etiópíà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Bí mo ṣe ń kọjá lọ, wọ́n pè mí. Mo sáré lọ dúró níwájú wọn, mo ń retí ohun tí wọ́n máa sọ.

"Okùn bàtà ẹ ti tú," ni wọ́n wí. "Dè é kó o má ṣubú."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo dè é. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí títí mo fi dè é tán, mo sì dìde dúró.